Òkè Adirondack: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí kí a tó gbéra, àti ìdáhùn mi

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń kó àwọn ará ilé, ọmọ ìjọ àti ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi láti Bronx àti Brooklyn lọ sí àwọn òkè Adirondack ní apá àríwá ìpínlẹ̀ New York. Lọ́dọọdún, ìbéèrè kan náà ló máa ń ya wọ orí WhatsApp mi lálẹ́ Jimọ́, nígbà tí mo bá ń di báàgì lọ́wọ́. Mo ti wá kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó pè mí.

Níbo gan-an ni Adirondack wà, kí ló sì wà níbẹ̀?

Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sójú títì I-87 láti ìlú New York, tí ẹ kọrí sí àríwá, tí ẹ kọjá Albany, láìpẹ́ ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkè. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ sí márùn-ún, ẹ ó yà ní ìjáde 30, ẹ ó bọ́ sí ọ̀nà 73, èyí tó gba àárín Keene Valley lọ sí Lake Placid, ìlú tó gbàlejò ìdíje Olympics ìgbà òtútù ní 1932 àti 1980.

Gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Adirondack Park tó nǹkan bí éékà mílíọ̀nù 6. Ó kéré díẹ̀ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lódindi. Adágún àti ọ̀gọ̀dọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ju 3,000 lọ. Ẹ má rò pé ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká ni o. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀, ilé ìwé wà, ilé epo wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà. Bí ìdajì ilẹ̀ náà ṣe jẹ́ ti ìjọba ni ìdajì yòókù jẹ́ ti aládàáni. Ọdún 1892 ni wọ́n pààlà rẹ̀, nígbà tó sì di 1894, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà pé igbó ìjọba tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ́ igbó lọ títí ayé. Ẹnikẹ́ni kò lè tà á, ẹnikẹ́ni kò sì lè la igi rẹ̀ ní pákó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ má rí òrùlé kan ṣoṣo.

Wọ́n ní èdè Mohawk ni orúkọ náà ti wá, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni "àwọn tó ń jẹ èèpo igi", bí wọ́n ṣe máa ń fi àwọn aládùúgbò wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Èébú ló wá di orúkọ òkè.

Ṣé a máa sanwó ẹnu ọ̀nà?

Rárá, kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbowó. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Adirondak Loj (ilé àlejò kan ni, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́, kì í ṣe àṣìṣe tèmi), níbi tí ọ̀nà tó pọ̀ jù lọ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa sanwó ọkọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ lè kún kí aago méje àárọ̀ tó lù. Tí ó bá kún, ó kún náà nìyẹn. Ẹ má wá lọ gbé ọkọ̀ sí etí títì ọ̀nà 73. Wọ́n máa ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn níbẹ̀, wọ́n sì máa ń wọ́ ọkọ̀ lọ.

Mi ò gun òkè kankan rí láyé mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Mount Jo. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ síbòmíràn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Téńté orí rẹ̀ fi 2,876 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà ti ga tẹ́lẹ̀, nítorí náà gígùn tí ẹ máa gùn gan-an kò ju nǹkan bí 700 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máìlì méjì àtààbọ̀.

Ẹ ó kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ Heart Lake kọjá. Lẹ́yìn náà ọ̀nà á pín sí méjì: èyí tó kúrú dúró ṣánṣán bí àkàbà, èyí tó gùn sì rọra ń pọ́n. Mo máa ń ní kí àwọn tó bá tẹ̀ lé mi gba èyí tó kúrú lọ, kí wọ́n gba èyí tó gùn bọ̀. Àyà ló máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń gòkè, orúnkún ló sì máa ń jẹ gbèsè rẹ̀ nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó rọrùn fún un.

Tí ẹ bá dé orí àpáta tó wà lókè, adágún tí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá á wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín, Algonquin, òkè kejì tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York, á sì wà ní òdìkejì bí àgbàlagbà tó jókòó tó ń wo ọmọdé. Mo mú ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Bronx lọ síbẹ̀ lọ́dún kan. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bú mi pé mo fẹ́ pa òun. Nígbà tó dé òkè, ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Àwa la bẹ̀ ẹ́ kó dìde.

Omi tó ń já láti orí àpáta ni mo fẹ́ rí. Èwo ló dára jù?

Tí ẹ kò bá fẹ́ rìn rárá, Roaring Brook Falls wà lẹ́bàá ọ̀nà 73. Láti inú ọkọ̀ lẹ ó ti rí i tó funfun lára òkè. Ẹ lè dúró, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ máa lọ.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni Rainbow Falls, nítòsí adágún Lower Ausable Lake. Ó tó 150 ẹsẹ̀ bàtà. Omi náà kì í yí gba ara òkúta wá sílẹ̀. Ó ń já ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti òkè sínú ihò àpáta tí ewédò ti bò ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ìrì rẹ̀ á sì ti máa bọ́ sí yín lójú kí ẹ tó rí omi fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá yọ sí i dáadáa, òṣùmàrè á ta síwájú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ẹni tó bá ti lọ sí Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà rí, tó wá ń rò pé òun á bọ́ sábẹ́ rẹ̀ wẹ̀, kó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ná. Nínú oṣù Ògọ́sì pàápàá, ṣe lomi yẹn máa ń jẹ èèyàn dé egungun.

Ilẹ̀ aládàáni ni ọ̀nà Rainbow Falls gbà kọjá o. Ìjọba bá wọn ṣe àdéhùn pé kí ará ìlú lè máa kọjá, ṣùgbọ́n láti 1 Oṣù Karùn-ún títí di 31 Oṣù Kẹwàá, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè ọkọ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wá. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2021 ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ kò bá ní i, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á dá yín padà, bí ẹ bá tilẹ̀ ní ọkọ̀ ẹlòmíì ló wá já yín sílẹ̀. Ajá kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Tí ẹ bá so ó pọ̀ mọ́ Indian Head, àpáta tí wọ́n ti ń wo adágún náà láti òkè, gbogbo ìrìn náà tó máìlì 11, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ tó tẹ́jú.

OK Slip Falls ga jù ú lọ, ó tó 250 ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀kan lára èyí tó ga jù ní gbogbo Adirondack. Apá gúúsù ló wà, nítòsí Indian Lake, nǹkan bíi máìlì mẹ́ta ni àlọ rẹ̀ nìkan. Láti òdìkejì àfonífojì lẹ ó ti máa wò ó, ẹ ò ní dé ìdí rẹ̀. Ojú nìkan ló máa jẹun.

Ìgbà tí omi máa ń pọ̀ jù ni ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́, tàbí lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ má bínú sí mi bí ẹ bá lọ ní ìparí Ògọ́sì tí ẹ rí i tó ń ṣe bí ẹ̀rọ omi àdúgbò.

Adágún ńkọ́?

Avalanche Lake. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ láti Loj tó nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá. Adágún tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó há sáàárín òkè méjì, àpáta sì ga sókè láti inú omi ní apá méjèèjì débi pé kò sí etí omi tí èèyàn lè tẹ̀. Báwo wá ni ẹ ṣe máa kọjá? Wọ́n kan pákó mọ́ ara àpáta, lókè omi. Ẹ ó máa rìn lórí pákó, òkúta á wà ní èjìká yín kan, omi dúdú á wà lábẹ́. Ní àwọn ibòmíì, àkàbà lẹ máa gùn, tàbí kí ẹ rá pálá sáàárín àwọn òkúta tó tóbi ju ọkọ̀ lọ.

Wọ́n ń pe pákó yẹn ní Hitch-Up Matildas. Ní 1868, kí wọ́n tó kan pákó kankan, Bill Nye tó ń fọ̀nà han àwọn àlejò gbé ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Matilda Fielding kọ́ èjìká, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ omi. Bí omi ṣe ń jìn sí i ni ìyáàfin ń yọ̀ wálẹ̀, ni àwọn ẹbí rẹ̀ bá ń kígbe láti etí òkè: "Gbéra sókè, Matilda! Gbéra sókè!" Ìgbàkígbà tí mo bá dé ibẹ̀, ti ọkùnrin tó gbé e ni mo máa ń rò, torí orúkọ rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi sọ pákó.

Mo fẹ́ gun èyí tó ga jù lọ. Ṣé mo lè ṣe é?

Mount Marcy lẹ ń sọ yẹn, 5,344 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn mítà 1,629. Kò sí èyí tó ga tó o ní ìpínlẹ̀ New York. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti Loj gùn tó máìlì méje àtààbọ̀ ní àlọ nìkan, ibi tí ẹ máa pọ́n sókè sì lé ní 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo máa ń rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi iṣẹ́." Ẹ gbàgbé máìlì. Gbòǹgbò, ẹrẹ̀ àti òkúta tó ń yọ̀ ni ọ̀nà yẹn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì. Wákàtí ni kí ẹ máa kà. Ẹni tí ara rẹ̀ le dáadáa á lo wákàtí mẹ́wàá, àwa tí a ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà á lo méjìlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún kẹta. Àwa mẹ́fà ni, ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá ni, ewé ti pọ́n, inú wa ń dùn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ká tó gbéra, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ tíì rẹ̀ tán. Bàtà tí mo rà ní ilé ìtajà kan ní Brooklyn, tí ọmọkùnrin tó tà á fi orí ìyá rẹ̀ búra pé ti òkè ni, la ẹnu ní Indian Falls, lójú ọ̀nà Marcy, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi. Mo fi okùn dì í. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la dé orí òkè. A ya fọ́tò, a kọrin ọpẹ́, a wo ojú ọ̀run, oòrùn ti ń lọ. Oòrùn máa ń wọ̀ kó tó di aago méje lásìkò yẹn, inú igbó sì máa ń ṣú ṣáájú ìta. Kò sí tọ́ọ̀ṣì kankan láàárín wa, iná fóònù la gbójú lé. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, mẹ́ta ti kú. A di ara wa mú ní àpò ẹ̀yìn bí ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ẹni iwájú á ní "gbòǹgbò", gbogbo wa á dáhùn "gbòǹgbò", á ní "omi", a ó ní "omi". Aago mọ́kànlá òru la rí ọkọ̀ wa. Ẹni tó jẹ tíì ló sunkún jù.

Láti ọjọ́ yẹn, òfin mi kò yí padà: aago mẹ́fà àárọ̀ la ó ti máa rìn, tó bá sì di aago kan ọ̀sán, ibi yòówù kí a wà, à ń padà nìyẹn. Ì báà jẹ́ ogún ìṣẹ́jú ló kù ká dé téńté. Mo ti dá èèyàn padà níbi tí wọ́n ti ń fojú rí orí Marcy kedere, wọ́n sì bínú sí mi títí a fi dé Albany.

Tí ẹ bá dé òkè, orí àpáta ni kí ẹ máa tẹ̀. Àwọn ewéko wínníwínní tó wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe koríko lásán. Irú wọn kò sí níbòmíì ní New York àfi ní orí ìwọ̀nba òkè díẹ̀ tó ga bẹ́ẹ̀, ìbátan àwọn ewéko ilẹ̀ yìnyín ni wọ́n, bàtà kan sì lè pa èyí tó ti ń hù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó bá ẹnì kan lókè tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá dé.

Ṣé lóòótọ́ ni pé odò Hudson ti ibẹ̀ wá?

Òótọ́ ni. Adágún kékeré kan wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Marcy tí wọ́n ń pè ní Lake Tear of the Clouds, omijé àwọsánmà. Ibẹ̀ ni orísun odò Hudson tó ga jù. Odò tí ẹ̀ ń wakọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá lórí afárá George Washington, tí ẹ ń bú nígbà tí gosílóò bá dá yín dúró, omi tí ẹ lè fò kọjá ni lókè yẹn. Ní 13 Oṣù Kẹsàn-án 1901, Theodore Roosevelt, igbákejì ààrẹ nígbà náà, ń sinmi nítòsí adágún yìí nígbà tí ẹni tí wọ́n rán sí i sáré gun òkè wá bá a pé Ààrẹ McKinley, tí wọ́n yìnbọn fún, ń kú lọ. Kó tó dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, òun ti di ààrẹ.

Àwọn kan ní àwọn ti di "46er". Kí ni yẹn?

Òkè 46 ló wà tí wọ́n kà sí èyí tó ga ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ẹni tó bá gun gbogbo rẹ̀ tán ni 46er. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Robert àti George Marshall, pẹ̀lú Herbert Clark tó ń fọ̀nà hàn wọ́n, ló kọ́kọ́ gun gbogbo rẹ̀ tán, ní 1925. Nígbà tí wọ́n tún wọn àwọn òkè náà dáadáa, mẹ́rin kò tó 4,000, ṣùgbọ́n wọn kò yọ wọ́n kúrò. Tí ó bá wù yín, ẹ máa kà á. Èmi ti gun mẹ́sàn-án, Mount Jo tí kò sí nínú ìwé sì ti tó ìgbà ogún.

Kí ni kí n wọ̀?

Ohunkóhun tí kì í ṣe òwú. Mo mọ̀ pé aṣọ òwú la mọ̀ nílé, ó dára fún ooru. Lórí òkè, tí òógùn tàbí òjò bá ti rin ín, kì í gbẹ, atẹ́gùn á sì fi tutù mọ́ yín lára títí tí ẹ ó fi máa gbọ̀n. Òtútù lè pa èèyàn nínú oṣù Keje lórí Marcy, mi ò sọ̀rọ̀ àsọdùn. Ẹ wá aṣọ eré ìdárayá tó tètè ń gbẹ tàbí èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, súwẹ́tà kan nínú báàgì, ẹ̀wù òjò, fìlà. Jean kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé mi. Bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀, tí ẹ ti wọ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Tọ́ọ̀ṣì àfisórí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọdé pẹ̀lú, pẹ̀lú bátìrì míì. Ẹ ti gbọ́ ìtàn mi.

Oúnjẹ ńkọ́?

Ẹ gbé ju ohun tí ẹ rò pé ẹ máa jẹ lọ. Mo ti dán ọ̀pọ̀ nǹkan wò. Jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà dára fún inú ọkọ̀, kì í ṣe fún àpò ẹ̀yìn. Mọ́ínmọ́ín ewé dára púpọ̀: ó ń yó èèyàn, kì í dà, ṣùgbọ́n ewé náà gbọ́dọ̀ bá yín padà sílé, ẹ má sọ ọ́ sínú igbó pé ewé ṣáà ni. Ṣínṣín, ẹ̀pà, dòdò gbígbẹ. Ọba gbogbo rẹ̀ ni gaàrí. Ẹ di gaàrí, ṣúgà àti ẹ̀pà sínú ọ̀rá kan, ẹ mú ife oníke lọ. Omi tútù inú òkè, tí ẹ ti sẹ́, lórí gaàrí Ìjẹ̀bú, nídìí Indian Falls. Mi ò rí oúnjẹ tó jù ú lọ rí.

Mo ní "tí ẹ ti sẹ́" o. Omi yẹn mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kòkòrò giardia wà nínú rẹ̀, á sì mú inú yín ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ra asẹ́ omi kékeré tàbí kí ẹ sè é.

Béárì wà níbẹ̀?

Ó wà, béárì dúdú. Ẹ̀rù yín ń bà á ju bí tirẹ̀ ṣe ń bà yín lọ. Oúnjẹ yín ló ń wá. Tí ẹ bá máa sùn nínú igbó ní apá ìlà oòrùn àwọn òkè gíga yẹn láàárín Oṣù Kẹrin sí ìparí Oṣù Kọkànlá, òfin ni pé kí gbogbo oúnjẹ, ọṣẹ àti ìpara wà nínú agolo líle kan tí béárì kò lè ṣí. Ẹ lè yá a ní Loj. Abo béárì kan wà níbẹ̀ nígbà kan rí tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí irú agolo kan tí wọ́n ní ẹranko kankan kò lè ṣí. Yellow-Yellow ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun àmì yẹ́lò tí wọ́n fi sí i létí. Tí ẹ bá wá gbé ẹja yíyan wá láti ọjà, tí ẹ sì fi sínú àgọ́ sùn, ẹ má pè mí. Ìgbà kan tí mo bá béárì pàdé, ó wò mí, mo wò ó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sókè, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ má sáré.

Ìgbà wo ni kí a lọ?

Láti àárín Oṣù Kẹfà títí di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá. Kó tó dìgbà yẹn, yìnyín ń yọ́, ọ̀nà jẹ́ ẹrẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ sì máa ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n má gun ibi tó ga ju 2,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ nígbà yẹn. Láti àárín oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà ni eṣinṣin dúdú kéékèèké máa ń jáde, ẹ̀yìn etí àti ìdí irun ló máa ń gé jẹ. Kì í gbé àìsàn ìfọ́jú kiri bí àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà létí odò nílé, ṣùgbọ́n á mú kí ẹ sá. Ìparí Oṣù Kẹsàn-án ni ewé máa ń pọ́n, ó rẹwà gan-an, gbogbo ayé ló sì máa ń wá.

Ìgbà òtútù? Èmi kì í lọ. Tí yìnyín ilẹ̀ bá ju ínǹṣì mẹ́jọ lọ, òfin ni pé kí ẹ wọ bàtà yìnyín fífẹ̀ tàbí ski. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn, kó lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìjọ wa jẹ́ ogójì, a fẹ́ lọ gbàdúrà lórí òkè. Ṣé ẹ lè mú wa lọ?

Mo mọ̀ pé orí òkè ni àdúrà ti máa ń dùn mọ́ wa. Àmọ́ ní agbègbè òkè gíga yẹn, ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ju èèyàn 15 lọ lójúmọ́, tàbí 8 tí wọ́n bá máa sùn síbẹ̀. Pípín ara yín sí mẹ́ta kí ẹ sì máa tẹ̀ lé ara yín lẹ́yìn kò yí òfin náà padà. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba òkè tirẹ̀, kí ẹ pàdé nídìí ọkọ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnjáde kò gbọdọ̀ dún débi tí ẹlòmíì á fi gbọ́. Ẹnu yín nìkan, ìyẹn náà níwọ̀nba.

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ nílé ni?

Ẹ má fi Màmá sílẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sí Whiteface, 4,867 ẹsẹ̀ bàtà. Títì wà tí ọkọ̀ máa gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí rẹ̀, 1935 ni wọ́n ṣí i, ẹ ó sanwó níbẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà nínú òkè náà tó máa gbé wọn dé téńté. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí ìgbà tí ewé ń wọ́ nìkan ló máa ń ṣí. Ẹ fi gèlè wọn dì dáadáa, atẹ́gùn ibẹ̀ kò mọ àgbà.

Ṣé kì í ṣe àwa nìkan ló máa jẹ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀? Ṣé wọn ò ní máa wò wá?

Wọ́n lè wò yín. Ọ̀pọ̀ á kí yín, nítorí pé kíkí ara ẹni lójú ọ̀nà jẹ́ àṣà níbẹ̀, èyí sì bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní 1846, olówó kan tó kórìíra òwò ẹrú, Gerrit Smith, pín éékà 120,000 nínú ilẹ̀ yìí fún ọkùnrin dúdú 3,000 ní New York, ogójì éékà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí ni pé òfin ìgbà náà sọ pé ọkùnrin dúdú kò lè dìbò àfi tó bá ní dúkìá tó tó $250. Ìwọ̀nba ló wá gbé ibẹ̀, òtútù àti ilẹ̀ líle sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà. Timbuctoo ni wọ́n ń pe ibùgbé wọn ní North Elba. John Brown tó gbógun ti oko ẹrú kó ìdílé rẹ̀ wá síbẹ̀ ní 1849 láti máa bá wọn gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí lẹ́yìn tí wọ́n yẹgi fún un ní Oṣù Kejìlá 1859. Ìdílé Lyman Epps, ọ̀kan nínú àwọn dúdú tó dúró, ló kọrin nídìí sàréè rẹ̀. Ilé náà ṣì wà, kò jìnnà sí Lake Placid rárá. Mo máa ń mú àwọn ọmọdé gba ibẹ̀ kí a tó darí sílé.

Mi ò ní ọkọ̀.

Bọ́ọ̀sì Trailways máa ń kúrò ní Port Authority, ibùdó bọ́ọ̀sì ní ìlú New York, á sì já yín sí Keene Valley tàbí Lake Placid. Ẹ wo àkókò rẹ̀ dáadáa, kì í pọ̀ lójúmọ́.

Tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá gbọ̀n mí ńkọ́?

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onígi wà láwọn ibì kan. Bí kò bá sí, ẹ rìn kúrò lójú ọ̀nà àti lẹ́bàá omi ní 150 ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ínǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ bò ó. Ṣọ́bìrì kékeré kan máa ń wà lọ́wọ́ mi, ẹ má tijú láti tọrọ rẹ̀.

Ṣé fóònù máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Níbi tó pọ̀ jù, rárá. Ẹ fi máàpù sórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì mú ti bébà dání. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ máa wo àwọn àwo roboto kékeré aláwọ̀ búlúù, pupa tàbí yẹ́lò tí wọ́n kàn mọ́ ara igi. Tí ẹ bá rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ kò rí ọ̀kan, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti rí èyí tó kẹ́yìn.

Kí ni ìwé tó wà nínú àpótí onígi níbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà?

Ẹ kọ orúkọ yín, iye tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ ń lọ. Tí ẹnì kan bá sọnù, ìwé yẹn ni àwọn aṣọ́gbó máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí ẹ bá padà dé, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti jáde. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa gbàgbé. Àárín òru ni wọ́n pe fóònù mi, tí wọ́n ń bèèrè arákùnrin tó ti wà nílé ní Flatbush láti ìrọ̀lẹ́, tó ti jẹ ẹ̀bà, tó ti sùn.